Èsì: «Ayára» kọ́, «amúyá» ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá «èròjà ayára» fún kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí a bá pè ní ayára, òun fúnra rẹ̀ ló ń yára. Ẹ ṣáà mọ ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Èèpo ẹyin tí wọ́n fi ń sọ òróró di dísẹ́ẹ̀lì kì í yára lọ síbì kankan. Inú ìkòkò ló wà, òróró àti mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kẹ́míkà kan) tí wọ́n bù sí i ló ń sáré. «Mú» dà nínú ọ̀rọ̀ yín? «Amúyá» ni, kí a sì fàmì sí i: «amúya» ń mú nǹkan ya nìyẹn.

Wọ́n á fọ èèpo náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sun ún ní nǹkan bí 900°C. Gíráàmù 100 á ku bí 56, torí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì á fò lọ. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin á pa á. Òróró mólù 1 (mólù ni ẹyọ tí wọ́n fi ń ka iye kẹ́míkà) ń fẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù mólù 3, ṣùgbọ́n mólù 9 sí 12 ni wọ́n ń bù sí i, kí iṣẹ́ má padà sẹ́yìn. Ooru kò gbọdọ̀ kọjá 65°C, ibẹ̀ ni mẹ́tánọ́ọ̀lù ti ń hó. Òróró tó ti kan? Ọṣẹ lẹ máa bá nínú ìkòkò.

Ẹni tó ní kí a pe kátálíìsì ní «ìwúkàrà», ìwúkàrà a máa bá búrẹ́dì wọ ọ̀fun. Amúyá bí èèpo ẹyin yìí ṣeé sẹ́, ó ṣeé tún lò. Eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú kì í ṣe amúyá níbẹ̀: ó wọnú àdí, ó di ọṣẹ, ó tán. Eérú yẹn kan náà nínú òróró àti mẹ́tánọ́ọ̀lù, amúyá ni, bí pọtásíọ̀mù rẹ̀ tilẹ̀ ń yọ́ lọ tí agbára rẹ̀ ń dín kù.

———

Èsì àgbà kan: Àbúrò, ẹ ṣeun, àmọ́ «mú» kí ni yá? Àgbo náà ń mú ara yá. «Amúṣẹ́yá» ló pé. Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Swídìn tó sọ kátálíìsì lórúkọ ní 1835, inú èdè Gíríìkì ló ti yá orúkọ náà. «Títú» ló túmọ̀ sí, kò sí eré sísá nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi rọ̀ mọ́ «yá»?

Ta ló tilẹ̀ kọ «kẹ́mísírì aláwọ̀ ewé» nínú ìjíròrò wa yìí fún «green chemistry», ìyẹn kẹ́mísírì tí kì í ba àyíká jẹ́? Àwọ̀ ni ìyẹn ń sọ. Kẹ́míkà tó pupa bí epo kò lè jẹ́ aláìbàyíkájẹ́ ni?