Ohùn mi ti há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbà mí o

TíṣàMushin: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Tíṣà ni mí ní Mushin níbí, ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń ké lábẹ́ fèrèsé wa látàárọ̀, tí mi ò bá lọgun wọn ò lè gbọ́ mi. Láàárọ̀ ohùn á ṣì máa gbìyànjú, tó bá fi máa di aago méjìlá ó ti lọ, tí mo bá ń pe orúkọ ọmọ, ìdajì orúkọ náà afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Mo jẹ òrogbó títí, mo mu àtalẹ̀ àti oyin, pàbó. Ọ̀fun ò dùn mí, mi ò wúkọ́. Ṣé wọ́n máa là mí ni? Ohùn yìí ni mo fi ń jẹun o.

AláṣọÌdúmọ̀tà: Pẹ̀lẹ́ àǹtí mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni tèmi bẹ̀rẹ̀, olè já báàgì mi gbà, mo figbe ta, ohùn ò padà mọ́ fún oṣù méjì. Dókítà ki okùn tín-ín-rín kan tó níná àti kámẹ́rà gba imú mi wọlé, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n wọn, nǹkan funfun méjì ń ṣí ń pa dé bí ilẹ̀kùn, ọ̀kan wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iléròrò. Wọ́n pè é ní pólíìpù, wọ́n gé e, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohùn ti bọ̀ sípò, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bọ̀dáKúáyà: Ẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kíláàsì kó lè sinmi.

Nọ́ọ̀sìYábàá: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà máa ń fún ọ̀fun pọ̀, ìsinmi kọ́ nìyẹn. Àǹtí, nǹkan méjì tí wọ́n rí yẹn ni tán-án-ná, inú gògóńgò ló wà, tí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ wọ́n ń gbá ara wọn bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá fi igbe ojoojúmọ́ kún un! Bí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le níbi tó fi ń di ọkọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ni kókó kéékèèké ṣe ń yọ lára méjèèjì, wọn ò ní lè pa dé dáadáa mọ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Ó ń ṣe àwọn tíṣà, akọrin àti oníwàásù gan-an, ọ̀pọ̀ ni ò sì nílò iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lo ohùn láì fipá, ẹ mu omi, ẹ má máa ha ọ̀fun. Ata àti ẹ̀bà alẹ́ tí èèyàn jẹ tó sùn lé lórí náà ń fa á, omi kíkan inú á gòkè wá jó o. Àmọ́ mi ò lè fi ẹnu lásán sọ pé kókó ni tiyín, iṣan tó ń darí tán-án-ná lè ti kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, jẹjẹrẹ náà lè há ohùn, pàápàá fún amusìgá. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n fi kámẹ́rà wò ó. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó tó wà ní Ìdí-Àràbà, sún mọ́ yín, ẹ béèrè ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun.

TíṣàMushin: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, Tuesday ni mò ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ ra sípíkà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí fún mi. Nọ́ọ̀sì, ṣé kámẹ́rà yẹn máa ń dunni?

Nọ́ọ̀sìYábàá: Wọ́n á kọ́kọ́ fín oògùn sí imú yín tó máa mú kó kú tipiri. Á kàn rin yín díẹ̀, omi á bọ́ lójú.