MUSON tàbí Sarz Academy: èwo ló yẹ ẹni tó ń ṣe bíìtì?

Onílù_Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bíìtì ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, n kò mọ orin kà. Èwo ni kí n kọ̀wé sí?

Etígbọ́: Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ọdún 2 ni dípúlómà MUSON, ilé ẹ̀kọ́ orin ní Onikan, Èkó. MTN Foundation a máa san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó bá yege. MUSON á dán ẹ wò lójúkojú, nítorí náà kọ́ orin kíkà kí o tó lọ. Sarz Academy, tí Sarz tó ń ṣe bíìtì dá sílẹ̀ ní 2015 láti kọ́ àwọn tó ń ṣe bíìtì, ló bá ìwọ mu jù.

Àṣírí_Ohùn: Òótọ́ ni. Bí o bá ń kọ̀wé sí Sarz Academy, bíìtì 3 péré ti tó láti fi ránṣẹ́, kí èyí tó dùn jù ṣíwájú. WAV (fáìlì ohùn tí a kò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀) oní-“bit” 24 ni kí o fi pamọ́. Má yí MP3 (fáìlì ohùn tí a ti fún kéré) padà sí WAV o: ohun tí MP3 ti gé dànù kì í padà wá. Ọ̀rọ̀ ìwé ìpín (ìwé tó sọ iye tí oníkálukú ní nínú orin) ló máa ń dájà sílẹ̀ jù: kí gbogbo ẹni tó bá dá orin náà sílẹ̀ buwọ́ lù ú lọ́jọ́ tí ẹ parí, kí ìpín yín sì pé 100%.

Onílù_Òṣogbo: Ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ta gìtá ńkọ́?

Etígbọ́: Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ lo san fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ìpín mìíràn.