Àpamọ́ àti àpamọ̀: orúkọ tó yẹ ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ tó kún fún rìkíṣí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ìbéèrè àbúrò wa ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Ó ń kọ ìwé kan lọ́wọ́. Ìtàn ìfẹ́ ni, ayé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ikú kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó fà á, àwọn ìjòyè sì ń gbìmọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ó ní kí ni kí òun kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà tí òǹkàwé á fi mọ irú ìtàn tó mú dání. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní "ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ onífẹ̀ẹ́". Ẹlòmíràn ní "ìtàn ìfẹ́ aláwàámárìídìí". Àgbà wa tí wọ́n kọ̀wé kẹ́yìn ní "àdììtú ìfẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé". Mo fara balẹ̀ gbé wọn yẹ̀ wò, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tán nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ kò fara sin nínú rẹ̀. Àmọ́ orúkọ iṣẹ́ ni. Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 ti ṣe ọlọ́pàá rí, nítorí náà aṣọ náà bá a mu. Ẹni tó ń tọpasẹ̀ nínú ìtàn àbúrò wa kò ṣe ọlọ́pàá rí, kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá láyé ìgbà tó ń sọ. Ìfẹ́ ló gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Tí a bá kọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, òǹkàwé á máa retí ẹni tí kò ní í dé.

Àwámárìídìí ló ká mi lára jù, torí pé ó dùn létí, gbogbo wa la sì ń lò ó. Ẹ tú u palẹ̀: ohun tí a wá tí a kò rí ìdí rẹ̀. Olódùmarè là ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tó fi oorun òru mẹ́ta sílẹ̀ nítorí ìwé kan, tí kò sì rí ìdí ọ̀rọ̀ lójú ewé tó kẹ́yìn, yóò bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìlérí tí irú ìwé yìí ṣe fún un ni pé ìdí á hàn.

Àdììtú tí àgbà wa mú wá sún mọ́ ọn díẹ̀, torí pé kókó wà nínú rẹ̀, ìtàn irú èyí sì máa ń takókó. Àmọ́ ẹ wo ì tó wà láàárín dì àti tú yẹn. Ìyísódì ni. Òun náà ló wà nínú àwíìgbọ́: a wí, kò gbọ́. A dì í, kò tú. Mo kọ́kọ́ rò pé ojútùú ti dé: ká yọ ì yẹn kúrò, kó di àdìtú, ohun tí a dì tí a sì tú, bí àròsọ ṣe jẹ́ ohun tí a rò tí a sì sọ. Inú mi dùn sí i fún odindi ọjọ́ kan. Mo wá kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ kékeré kan, mo fún ọ̀rẹ́ mi tó máa ń bá mi yẹ iṣẹ́ wò. Ó dá a padà pẹ̀lú ì kejì tó ti fi bírò pupa kọ sáàárín níbi mẹ́rin, ó ní mo ń jẹ fáwẹ̀lì. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Àìmọye ènìyàn ló ń kọ àdììtú gan-an ní àdìtú, tí wọn ò sì ní ìtumọ̀ mìíràn lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tuntun tí gbogbo ayé á máa bá ẹni tó dá a tún kọ kò lè dúró. Mo jáwọ́ ńbẹ̀.

Ibi tí mo wá dé rèé: àpamọ̀.

A ti ní in tipẹ́. Àlọ́ àpagbè ni èyí tí à ń pa tí wọ́n ń gbè é. Àlọ́ àpamọ̀ ni èyí tí à ń pa kí a lè mọ̀ ọ́n. À-pa-mọ̀. Mímọ̀ ti wà nínú orúkọ, ohun tó sọnù nínú àwámárìídìí àti àdììtú nìyẹn. "Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́. Kí ni o?" Ahọ́n ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọn ò gbé ahọ́n lọ pamọ́ sọ́nà jíjìn, inú ẹnu tó ń béèrè ló wà. Jíjẹ tí wọ́n mẹ́nu bà ti ta wá lólobó. Nígbà tí ìdáhùn dé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbá orí mú, á ní bẹ́ẹ̀ lòun ń wò ó. Ìmọ̀lára tí òǹkàwé ìtàn ikú àti àṣírí ń wá gan-an nìyí. Ronald Knox, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó máa ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, to òfin 10 kalẹ̀ ní 1929 fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé olobó yòówù tí aṣèwádìí bá rí, kó fi han òǹkàwé lójú ẹsẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ti ń tẹ̀ lé òfin yẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ náà kò ṣàjèjì. À ń pa àlọ́, à ń pa òwe, à ń pa ìtàn. "Ìtàn àpamọ̀" jókòó lẹ́nu bí ẹni pé a bí i síbẹ̀.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá àpamọ̀ ni tàbí àpamọ́, ohun tí a fi pamọ́, irú mọ́ tó wà nínú àpamọ́wọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tó wà nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Lójú ewé àkọ́kọ́ irú ìwé yìí, àpamọ́ ni ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ti fi í pamọ́. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ó ti di àpamọ̀. Ohùn òkè sọ̀ kalẹ̀ di ohùn ìsàlẹ̀, ìtàn sì parí. Ẹni tó bá ṣi ohùn kà níbí kò tíì ṣìnà jìnnà. Nígbà tí mo rí èyí, mo dìde kúrò lórí àga. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí àyè bá wà, ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí ọ̀ yẹn, kí òǹkàwé lè rí i.

Àwọn kan tún lè ní ti ọmọdé ni àlọ́. Àlọ́ ni ti ọmọdé. N kò mú àlọ́, àpamọ̀ nìkan ni mo mú.

Rìkíṣí ńkọ́? A ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí èyí, wọn kò sì jọra. Ọ̀tẹ̀ lè jáde sí gbangba, ó lè di ogun. Tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kun mú ìlara dání, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a ṣe láàárín ilé. Rìkíṣí ló ń fẹ́ ènìyàn méjì ó kéré tán, àti ilẹ̀kùn tí a tì. Ẹ sì kíyè sí i pé dídì là ń dì wọ́n: à ń dìtẹ̀, à ń dì rìkíṣí, bí ẹni ń di ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, "intrigue", inú èdè Látìn ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí nǹkan lọ́ pọ̀ mọ́ra. Okùn náà ni tiwọn.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí rìkíṣí wọ inú orúkọ. Rìkíṣí ni ohun tí àwọn ènìyàn inú ìtàn ń ṣe síra wọn. Àpamọ̀ ni ohun tí òǹkọ̀wé ń bá òǹkàwé ṣe. Ìtàn lè kún fún rìkíṣí kó máà ní àpamọ̀ kankan. Ẹ rántí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó kú n'Ìbàdàn ní 1874. Samuel Johnson sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ: Ààrẹ Látòósà fẹ́ ẹ kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n gba ẹ̀yìn Kúmúyìlọ́, ọmọ tó gbà tọ́, ẹrú méjì sì gba òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ bá a nínú yàrá lóru, wọ́n pa á. Bí òǹkọ̀wé bá tò ó bẹ́ẹ̀, a ti mọ gbogbo rẹ̀. Rìkíṣí ni, ó sì ń dunni, àmọ́ kò sí ohun tí a fẹ́ mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí erùpẹ̀ òkè àjà wà lórí ẹní, tí ilẹ̀kùn yàrá ṣì wà ní títì látinú, tí ọmọbìnrin kan nínú agbo ilé sì rántí pé ẹni tí òun ń fẹ́, tó jẹ́ ẹrú Ìyálóde, kò sùn síbi tó máa ń sùn sí, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á kí a lè mọ̀ ọ́n. Ó ń bẹ̀rù láti béèrè, torí pé ìdáhùn lè gba olólùfẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ àti àpamọ̀ ti di okùn kan.

Ilẹ̀kùn títì, erùpẹ̀ àti ọmọbìnrin náà, èmi ni mo rò wọ́n. Àjà nìkan ni Johnson sọ. Ìdí nìyí tí àròsọ kò fi gbọdọ̀ kúrò nínú orúkọ. Ìtàn lédè wa ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtàn náà sì ni ohun tí a rò jọ. Bí a bá kọ "ìtàn ayé àtijọ́" lásán sẹ́yìn ìwé, ẹnì kan á gbà pé ọmọbìnrin náà wà láyé rí, á sì máa sọ ọ́ kiri fún ọmọ rẹ̀.

Ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àgbà wa, kò bá ibí mu. Ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ látijọ́ tí a sì ń tọ́jú títí dòní là ń pè bẹ́ẹ̀, àṣà àti ère inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ikú inú ìwé yìí ti kọjá lọ. Láéláé dára, àmọ́ Májẹ̀mú Láéláé ti gbà á. Ayé àtijọ́ ni ẹnu wa ń sọ, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìfẹ́, ẹ má dààmú pé kò gbé gbogbo ohun tí "romance" tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò gbé. Ọ̀rọ̀ tiwọn yẹn, èdè tí ará ìlú Faransé ń sọ, tó yàtọ̀ sí Látìn àwọn àlùfáà, ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ fún. Ó di orúkọ ìtàn tí a kọ ní èdè náà, ẹ̀yìn náà ni ìfẹ́ wọlé. Kí ni a fẹ́ lé dé ibẹ̀ fún? Ìtàn ìfẹ́ tó. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá a lábàá pé ká fi eré ìfẹ́ sí i. Ẹ mọ ohun tí eré ìfẹ́ jẹ́.

Ní kíkún, fún ẹ̀yìn ìwé: ìtàn àròsọ ìfẹ́ àpamọ̀ ayé àtijọ́. Lẹ́nu, a ó gé e sí ìtàn ìfẹ́ àpamọ̀. Mo ti ń dán an wò nínú gbólóhùn láti àná, bí ọ̀rẹ́ méjì yóò ṣe sọ ọ́ tí wọn kò ní í ronú nípa èdè rárá: "Mo ń ka ìtàn ìfẹ́ àpamọ̀ kan lọ́wọ́, ó ku orí méjì. Jọ̀ọ́, má tíì sọ ẹni tó pa á fún mi."