Photos ń já káàdì kámẹ́rà gbà mọ́ Lightroom lọ́wọ́: báwo ni mo ṣe lè yí i padà?

Adé Ayàwòrán
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì la ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Bí a bá ti ki káàdì kámẹ́rà bọ̀ ọ́ báyìí, Photos, ètò àwòrán tó bá Windows wá, á ti yọjú, àfi bí agbèrò tó já ẹrù gbà lórí èrò. Bẹ́ẹ̀ Lightroom Classic, ètò tí a fi ń to àwòrán tí a sì fi ń tún un ṣe, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í wo ohun tó wà lójú ẹ̀, á kàn tẹ Import, gbogbo àwòrán á wọnú fódà Pictures. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ìyàwó ti dàpọ̀ mọ́ òkú àgbà. Mo ti tú inú Photos títí, n ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ gbà mí o.

Bàbá Ẹ̀rọ
Adé, o ò lè rí i nínú Photos. Windows fúnra ẹ̀ ló ń pín iṣẹ́ yẹn. Lọ sí Settings, tẹ Devices, kó o wá tẹ AutoPlay, ibi tí a ti ń yan ètò tó máa ṣí bí a bá so nǹkan mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń lo Windows 11, abẹ́ "Bluetooth & devices" ló máa bá a. Wàá rí "Removable drive" àti "Memory card". Yan Lightroom sí méjèèjì, torí ohun tí wàá fi ka káàdì lè mú kí Windows pè é ní èyí tàbí ìyẹn. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi ni, "Take no action" ni màá yan. Ọmọ iṣẹ́ á fúnra ẹ̀ ṣí Lightroom.

Ṣadé Pixel
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Adé, tí Lightroom ò bá sí nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ gba Control Panel lọ. AutoPlay wà níbẹ̀ náà, tiẹ̀ sì kún jù. Ẹ tún wo Preferences nínú Lightroom, lábẹ́ General: ẹ fi àmì sí "Show import dialog when a memory card is detected".

Mọ́remí
Mac ni tèmi ńkọ́?

Ṣadé Pixel
Ẹ ṣí Image Capture, ó ti wà lórí Mac látilẹ̀. Ẹ so kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti máa yan ètò tó máa ṣí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí nǹkan kan ṣí, "No application" ni kẹ́ ẹ yàn. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o: kámẹ́rà kejì, ẹ óò tún un ṣe.

Ọ̀gá Lẹ́ǹsì
Adé, sọ fún ọmọ yẹn pé kó yé fọwọ́ kan "Delete original items after import". Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, káàdì yẹn nìkan lo máa gbójú lé. Ẹni tó sanwó òde ò ní gbọ́ àlàyé iná.

Adé Ayàwòrán
Àṣẹ, ọ̀gá. Káàdì ti gbọ́ràn o, Lightroom ló ń ṣí báyìí. Ó ku iPhone oníbàárà kan tí mo so mọ́ ọn, Photos náà ló tún yọjú.

Bàbá Ẹ̀rọ
Fóònù dá dúró, kò sí lára káàdì. Ní kó ṣí fóònù ẹ̀, kó tẹ Trust. Padà sí AutoPlay, wàá bá orúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀.