Ìmọ̀ràn kíákíá: DSLR ni àbí kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò?

Àbẹ̀kẹ́_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní òkè òkun ń bọ̀ wálé lọ́la. Ó ní òun máa ra kámẹ́rà fún mi, kí n sọ èyí tí mo fẹ́ kó tó di alẹ́ òní, torí ilé ìtajà máa tó tì. Ṣé DSLR ńlá, irú èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ, ni kí n mú ni àbí kékeré tó ń wọ àpò? Ọ̀kan péré ni owó ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíá.

LẹńsìGígùn
DSLR. Ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ lè yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kẹ́ ẹ fi òmíràn rọ́pò máa bá yín kalẹ́. Èyí tí wọ́n bá ti lẹ lẹ́ńsì mọ́ lára, bó ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á náà ló máa wà títí.

BàbáFọ́tò
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè: kí lẹ fẹ́ máa yà? Ẹyẹ lórí igi ni, bọ́ọ̀lù, ìrìn-àjò, àbí èèyàn nínú ilé? Ìdáhùn yàtọ̀ síra.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ jù ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé nínú kámẹ́rà. Nínú ọ̀pọ̀ DSLR tí kì í ṣe ti olówó ńlá, fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 23, gíga rẹ̀ sì tó 15. Ti kámẹ́rà kékeré tó wọ́pọ̀ jù kò ju nǹkan bíi 6 sí 4.6 lọ. Ẹ bá a ṣírò, ẹ ó rí i pé ti DSLR fi ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju ti kékeré. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìyàtọ̀: fọ́tò ti kékeré á kún fún hóró-hóró, ojú èèyàn á sì ṣe bàìbàì.

Ṣùgbọ́n àwọn kékeré kan wà tí sẹ́ńsọ̀ wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ti ínṣì kan, ìyẹn mílímítà 13.2 sí 8.8. Sony RX100 tó jáde ní 2012 ló sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká, Canon G7 X sì tẹ̀ lé e ní 2014. Ẹ má ka àwọn yẹn mọ́ kékeré lásán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye megapixel (àwọn àmì tín-ín-rín tó para pọ̀ di fọ́tò) tàn yín, òun kọ́ ló ń mú kí fọ́tò dára nínú òkùnkùn.

Ọmọ_Ìrìnàjò
Ẹ MÁ RA KÉKERÉ O. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Mo ra ọ̀kan, tuntun nínú páálí. A gbé bàbá àti màmá mi lọ sétí òkun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màmá mi máa fojú ara wọn rí òkun. Mo tan kámẹ́rà, lẹ́ńsì yọ jáde, ó ń ké kín-ín-rín kín-ín-rín, ó wá dúró sí agbede méjì. Kò wọlé, kò jáde. Ó ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé lẹ́ńsì níṣòro, kí n pa á kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án, títí bátìrì fi kú.

Mo gbé e padà lọ bá àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní yanrìn ló wọ̀ ọ́, àti pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣèlérí kò kan yanrìn. Iye tí wọ́n ní kí n san fún lẹ́ńsì tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kámẹ́rà fúnra rẹ̀! Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ ni mo fi ya ìwọ̀nba tí mo rí yà. Màmá mi ti dolóògbé báyìí. Kò sí owó tó lè ra ọjọ́ yẹn padà fún mi.

Adùnní_K
Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Irú rẹ̀ ṣe àbúrò mi. Inú àpò ṣòkòtò ni tiẹ̀ ti tan fúnra rẹ̀, lẹ́ńsì fẹ́ yọ, aṣọ dí i lọ́nà, bó ṣe kú nìyẹn.

Àlàbá77
Ó ti tán nìyẹn. DSLR.

OjúLọ̀rọ̀Wà
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìrìnàjò, ẹ kú ìfaradà. Àmọ́ yanrìn kì í ṣojúsàájú. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ yọ lẹ́ńsì DSLR létí òkun tí atẹ́gùn ń fẹ́, eruku á bà sórí sẹ́ńsọ̀, ẹ ó sì máa rí àmì dúdú lójú sánmà nínú gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà. Ohun tó ṣe kámẹ́rà yín, ibi tẹ́ ẹ gbé e lọ ló fà á.

Ọmọ_Ìrìnàjò
Ibo ló wá yẹ kí n gbé kámẹ́rà tí wọ́n ní ó wà fún ìrìn-àjò lọ? Inú àpótí?

LẹńsìGígùn
Ìbéèrè gidi. Sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí ṣeé nù. Bí lẹ́ńsì DSLR bá sì bàjẹ́, lẹ́ńsì nìkan lẹ máa pààrọ̀, kámẹ́rà ṣì wà. Ẹnu lẹ́ńsì Nikon F ti wà láti 1959, ti Canon EF láti 1987, àlòkù tó dáa kún ìta. Bí ti kékeré bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

OjúLọ̀rọ̀Wà
Ẹ sọ òótọ́ kù. DSLR tí kò bá kúrò nílé torí pé ó wúwo, fọ́tò mélòó ló máa yà? RX100 kò ju nǹkan bíi gíráàmù 240 lọ pẹ̀lú bátìrì nínú. Mo mọ àwọn tó ra ńlá, tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ṣì ń lò lójoojúmọ́.

Mirrorless_Nìkan
Kí lẹ tún ń ra DSLR fún lásìkò yìí? Láti 2020 tí Canon ti gbé 1D X Mark III jáde, tí Nikon sì gbé D6 jáde, wọn ò tíì ṣe irú àgbà DSLR bẹ́ẹ̀ mọ́. Mirrorless ni wọ́n gbájú mọ́, ìyẹn kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣeé yọ bíi ti DSLR àmọ́ tí kò ní dígí tó ń gbé sókè nínú. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ra mirrorless.

Àlàbá77
Ohun méjì ni wọ́n bi wá, ẹ wá mú ẹ̀kẹta wọlé.

LẹńsìGígùn
Bátìrì ńkọ́? Ihò tí a ń yọjú wò lára DSLR kì í jẹ iná, dígí lásán ni. Nikon D7500 ń ya nǹkan bíi fọ́tò 950 lórí bátìrì kan níbi ìdánwò CIPA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan. Sony RX100 VII ń ya 260. Kí ìdùnnú máa lọ lọ́wọ́ kí bátìrì kú, ṣé ohun tó dáa nìyẹn?

ÌyáOlóyè
Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé àwọn tó mọ̀ wà níbí. Èmi ò ní ìṣòro yanrìn. Nǹkan funfun tín-ín-rín bí òwú ló hù sínú dígí lẹ́ńsì mi tí mo tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé ó ṣeé fọ̀?

BàbáFọ́tò
Ọ̀rinrin ló fà á, Mà. Bí kò bá tíì pẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú lè nù ún. Bó bá ti jẹ àwọ̀ tí wọ́n fi pa dígí lára, àmì rẹ̀ kò ní lọ mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù. Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó ń dì pinpin, kẹ́ ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ má kó wọn sínú báàgì aláwọ, ó ń gba ọ̀rinrin sára.

Àbẹ̀kẹ́_Tuntun
Ẹ má bínú pé mi ò tètè padà. Ọmọ ni mo fẹ́ máa yà. Oyún mi ti pé, dókítà ní bóyá láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Inú ilé la máa wà jù, mi ò sì fẹ́ tan filáàṣì sójú ọmọ tuntun.

Adùnní_K
A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!

ÌyáOlóyè
Àmín àṣẹ. Ẹ máa sinmi, kámẹ́rà á rí ara rẹ̀ gbọ́.

BàbáFọ́tò
Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀! Ó yàtọ̀ nìyẹn. Lẹ́ńsì 18-55 tí wọ́n máa ń tà mọ́ DSLR, f/3.5 ni ẹnu rẹ̀ lè là dé (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe ń là tó, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń pọ̀ sí i), bẹ́ ẹ bá sì fà á mọ́ra tán kí ohun tó jìnnà lè sún mọ́ tòsí, f/5.6. Nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kékeré onísẹ́ńsọ̀ ínṣì kan tó là dé f/1.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fi lẹ́ńsì 35mm f/1.8 kún DSLR yẹn, kékeré kò lè sún mọ́ ọn. Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé ẹ̀gbọ́n yín máa ra lẹ́ńsì kejì?

Ohun kan tún wà. Dígí inú DSLR máa ń gbé sókè, á tún balẹ̀, ó sì ń dún. Ọmọ tó ń sùn lè gbọ́ ọ. Kékeré kì í dún bẹ́ ẹ bá ti pa ohùn rẹ̀.

LẹńsìGígùn
DSLR pẹ̀lú 35mm. Ọmọ máa dàgbà, á máa sáré kiri, ẹ ó nílò èyí tó lè lé e bá.

Ọmọ_Ìrìnàjò
Àbúrò, ọmọ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ padà di ọmọ tuntun. Bí lẹ́ńsì yẹn bá há lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Mo bẹ̀ yín.

OjúLọ̀rọ̀Wà
Kò sí yanrìn nínú yàrá ọmọ.

Àlàbá77
Mo ka gbogbo rẹ̀, DSLR ló pọ̀ jù nínú ohun táwọn èèyàn sọ.

Àbẹ̀kẹ́_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi: kékeré ni, Canon G7 X yẹn. Owó lẹ́ńsì kejì kò sí níbẹ̀. Àti pé ọwọ́ kan ni mo máa fi gbé ọmọ, ọwọ́ kan ló máa kù fún kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ìrìnàjò, ọ̀rọ̀ màmá yín dùn mí dọ́kàn. Mi ò ní gbé e dé ibi tí yanrìn wà.

LẹńsìGígùn
Ó dáa. Mi ò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ kan yẹn, mi ò lè jiyàn rẹ̀.

BàbáFọ́tò
Ó dáa bó ṣe jẹ́ G7 X, torí bẹ́ ẹ bá fà á mọ́ra tán, f/2.8 ló ṣì wà. RX100 àkọ́kọ́ máa lọ dé f/4.9. Kẹ́ ẹ tó lọ sílé ìwòsàn: ẹ yí i sí Av (ibi tẹ́ ẹ ti máa fúnra yín yan bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe máa là tó), ẹ fi sí f/1.8, ẹ jẹ́ kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó) máa yan ara rẹ̀ àmọ́ kó má kọjá 3200. Ẹ pa filáàṣì, ẹ pa ohùn. Ẹ gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bà á lójú. Ẹ sì ní kó bá yín ra bátìrì kejì, ọ̀rọ̀ bátìrì tí LẹńsìGígùn sọ kì í ṣe irọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Tuntun
Ṣé mẹ́mórì káàdì máa ń bá a wá nínú páálí?

BàbáFọ́tò
Rárá. Ẹ ní kó ra SD tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tètè pè é kó tó kúrò níbẹ̀.