"Fítámì oòrùn" kọ́ ni kí a pè é

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Nínú ìjíròrò wa lórí bí a ṣe máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí fítámì D máa jẹ́ "fítámì oòrùn", torí pé oòrùn ló ń mú kí awọ ara ṣe é. Ó dùn létí. Èmi náà ti gbà á, kó tó di pé mo lò ó nínú ìwé pélébé kan tí mo ń túmọ̀ fún àwọn tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára. Mo kà á sétí ọ̀kan nínú wọn. Gbólóhùn kejì ni mo wà tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi: "Ṣé kí n wá máa yá oòrùn ni?"

Ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún un gan-an nìyẹn! Oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun máa ń sọ ara di aláìlágbára níwájú jẹjẹrẹ awọ ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa bora, kí wọ́n sá fún oòrùn, ó sì wà lára ohun tó ń fa àìtó fítámì náà lára wọn.

Orúkọ ọ̀hún tún fi òṣìṣẹ́ méjì pamọ́. Awọ ara ló ká òwú, ẹ̀dọ̀ ló ran án, kíndìnrín ló hun ún. Èyí tí ẹ̀dọ̀ ran ni wọ́n sábà ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kíndìnrín hun ló ń jẹ́ kí ìfun rí kálísíọ̀mù fà mu. Òwú lè wà nílẹ̀ kí ahunṣọ má lágbára. Bí a bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni kí a ti ṣẹ̀dá: "D ẹ̀dọ̀" àti "D kíndìnrín". Fítámì D fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní 1922, A, B àti C ti lọ, D ló kàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Àìní fítámì D" tí àbúrò wa kọ ńkọ́? Ẹni tó ní 18 ng/mL (nánógíráàmù nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan) ní in lára. Kò tó ni, torí pé ọ̀pọ̀ dókítà ka ohun tí kò bá tó 20 sí àìtó. "Àìtó" ni kí a kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì yọ ng/mL dànù. Ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan tú ìwé àyẹ̀wò méjì jáde nínú báàgì, 18 lára ọ̀kan, 45 lára èkejì, ó ń dúpẹ́ pé ó ti gbéra. Nmol/L, òṣùwọ̀n mìíràn fún ohun kan náà, ni wọ́n fi wọn èkejì: 18 lọ́nà méjì àbọ̀ ló di 45. Kò kúrò lójú kan.

"Pípààrọ̀ kíndìnrín" tí àwọn èèyàn ń pe fífi kíndìnrín ẹlòmíràn síni lára náà ń dùn mí díẹ̀. Wọn kì í sábà yọ ti àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi tuntun sí. Kí ni wọ́n wá pààrọ̀? Àmọ́ ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu, n kò ní torí rẹ̀ jà. Èmi á máa kọ "kíndìnrín àfikún" ní tèmi.