Mo tẹ́ẹ̀sì ladder mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, fáàfù méjèèjì ṣì ṣí pa pọ̀

Alákàbà: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo kọ ladder (póógíráàmù alábala bí àkàbà fún PLC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ) fún fáàfù A àti B tí wọn ò gbọdọ̀ ṣí pa pọ̀ láé, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, àfi lọ́jọ́ kan tí méjèèjì ṣàdédé ṣí, àyà mi já. Wọ́n ní kí n lo model checking, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ipò tí póógíráàmù lè wà wò, mo bá kọ gbogbo ẹ̀ sínú NuSMV, sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn, ó ṣe é ṣe é títí mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fi kún, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Baba Scan: Àbúrò, táímà ẹ ni mo fura sí o. Ìńpúùtù 16 tó jẹ́ tàn-tàbí-kú lásán ti lè wà ní ipò 65,536, táímà kan tó ń ka nọ́ńbà oníbíìtì 32 á tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4,294,967,296. Lóòótọ́ NuSMV kì í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí ìṣirò nọ́ńbà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀, á há. Yọ kíkà yẹn kúrò pátápátá, fi bíìtì kan rọ́pò táímà, kó o ní tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ó lè parí ní scan (yíyípo kan tí PLC ń ṣe) èyíkéyìí tó bá wù ú. Tí A àti B ò bá ṣí pa pọ̀ pẹ̀lú òmìnira yẹn, wọn ò ní ṣí pa pọ̀ pẹ̀lú táímà gidi. Tó bá sì gbé counterexample wá, ìyẹn àpẹẹrẹ ọ̀nà tí méjèèjì fi lè ṣí pa pọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá táímà gidi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún ni pé ìparí scan ni kó o ti bèèrè ìbéèrè ẹ, torí PLC á ka ìńpúùtù, á ṣe rung (ìlà ladder) láti òkè délẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọ áútpúùtù jáde, ohun tó bá yí pa dà láàárín ò dé ọ̀dọ̀ fáàfù.

Sisí Lójíìkì: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Má kọ AG !(A & B) nìkan o, ìyẹn pé A àti B ò ní ṣí pa pọ̀ láé, póógíráàmù tí kò ṣí nǹkankan rárá á yege ẹ̀! Fi EF A àti EF B kún un, pé ó ṣeé ṣe kí A ṣí, ó sì ṣeé ṣe kí B ṣí. Má sì sọ fún NuSMV pé òṣìṣẹ́ ò ní tẹ bọ́tìnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tá a bá ti fi irú àbá bẹ́ẹ̀ dí i lójú ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Tó bá jẹ́ Structured Text, èdè PLC tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kọ, lo fi kọ ọ́ ni, ǹ bá ní kó o gbìyànjú PLCverif tí wọ́n ṣe ní CERN, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń túmọ̀ kóòdù fún nuXmv, àbúrò NuSMV.

Alákàbà: Counterexample ti jáde o! Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, scan mẹ́ta: ní àkọ́kọ́ auto ṣí A ó sì dì í mú, ní èkejì wọ́n yí i sí manual, ní ẹ̀kẹta wọ́n tẹ bọ́tìnì B. Rung manual ò ní kọ́ńtáàtì tó ń wo A rárá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo máa ń tẹ stop kí n tó yí i sí manual ni, mi ò fìgbà kan gbàgbé. Mo ti tún un ṣe, AG kọjá, EF méjèèjì náà kọjá. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá.

Baba Scan: O ṣeun, àbúrò. Kóòdù nìkan nìyẹn dáàbò bò o, kò mọ̀ nígbà tí ríléè bá lẹ̀ tàbí tí wáyà bá kan ara wọn. Ṣé o ti fi interlock oníwáyà sí i, èyí tí wáyà fúnra ẹ̀ ò ní jẹ́ kí fáàfù kan ṣí tí èkejì bá wà ní ṣíṣí?